Ó Yege MOT, Àmọ́ Ṣé Ó Bófin Mu? Àlàyé Lórí Àyẹ̀wò Èéfín àti Mọ́tò Tí Wọ́n Ti Yí Padà ní Ìlú Ọba

Ẹni tó bá ti wá mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì àlòkù rà ní London tàbí Manchester yóò ti gbọ́ gbólóhùn yìí rí: "Wọ́n ti yọ DPF rẹ̀ dànù, kò ní dà yín láàmú mọ́. Ó sì pass MOT lóṣù tó kọjá." DPF ni fíltà tó ń mú lẹ́búlẹ́bú inú èéfín dísẹ́ẹ̀lì, MOT sì ni àyẹ̀wò ọkọ̀ tí òfin Ìlú Ọba ń béèrè lọ́dọọdún. Ẹni tó ń tà á lè má parọ́ rárá. Mọ́tò náà lè ti yege lóòótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹni tó ń rà á gbà pé bí mọ́tò bá ti yege, òfin ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni kí mọ́tò yege MOT, ọ̀tọ̀ ni kó bófin mu. Kì í ṣe owó kékeré ni àìmọ ìyàtọ̀ yìí ń gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa tó ń fi mọ́tò jẹun níbí: àwọn tó ń gbé èrò, àwọn tó ń fi van pín ẹrù, àwọn tó ń ra mọ́tò ránṣẹ́ sílé.

MOT fúnra rẹ̀ kò ju àyẹ̀wò ọjọ́ kan lọ. Ọdún 1960 ni ìjọba Ìlú Ọba dá a sílẹ̀, nígbà tí Ernest Marples jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà, fún mọ́tò tó bá ti lo ọdún 10 lójú títì. Bíréèkì, iná àti ìdarí ọkọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò nígbà náà. Lónìí, mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tó bá ti pé ọdún 3 ní England, Scotland àti Wales gbọ́dọ̀ máa ṣe é lọ́dọọdún, ọdún 1991 ni wọ́n sì fi wíwọn èéfín mọ́tò bẹntiróòlù kún un. Gáréèjì kò lè gbà ju £54.85 lọ fún àyẹ̀wò mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé olùyẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ tú nǹkan kan lára mọ́tò yín. Ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ wọ̀n lọ́jọ́ yẹn nìkan ni ìwé ẹ̀rí náà ń sọ.

Òfin ní tirẹ̀ kì í dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Òfin tó dá lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe mọ́tò àti bí wọ́n ṣe ń lò ó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò tí wọ́n ti yí padà débi pé èéfín rẹ̀ kò bá ìlànà tí wọ́n fi ṣe é mu mọ́. Owó ìtanràn lè tó £1,000 fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́, ó sì lè tó £2,500 fún van. Gbogbo ọjọ́ tí mọ́tò bá wà lójú títì ni òfin yìí ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ àná ni ẹ gba ìwé MOT.

Ohun tí wọ́n ń yọ dànù

Nǹkan méjì ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá lé lórí jù. Àkọ́kọ́ ni kátálísì. Ara páìpù èéfín ló máa ń wà, nítòsí ẹ́ńjìnì. Ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi irin olówó iyebíye kùn wọ́n: platinum, palladium àti rhodium. Bí èéfín gbígbóná bá ti ń gba inú àwọn ihò yìí kọjá, carbon monoxide tó ń pa èèyàn àti epo tí kò jóná tán á yí padà di carbon dioxide àti omi, àwọn gáàsì tí wọ́n ń pè ní NOx á sì padà di nitrogen lásán, èyí tó kún inú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí. Ṣùgbọ́n kátálísì tó tutù kò lè ṣe nǹkan kan. Ó gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn irin mẹ́ta yẹn náà ló ń fa olè sábẹ́ Toyota Prius àti Honda Jazz lóru.

Ìkejì ni DPF, ti mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì. Fíltà ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú lẹ́búlẹ́bú dúdú tó wà nínú èéfín dísẹ́ẹ̀lì. Bó bá ti ń kún, ẹ́ńjìnì á mú kí inú rẹ̀ gbóná gidigidi, ó lè dé ìwọ̀n 600, kí lẹ́búlẹ́bú náà lè jóná kó ku eérú díẹ̀. Kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, mọ́tò gbọ́dọ̀ sáré déédéé fún ìgbà díẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé Peckham sí Camberwell ni ìrìn rẹ̀ ojoojúmọ́, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kì í jẹ́ kó sáré, DPF rẹ̀ kò ní ráyè fọ ara rẹ̀. Á dí, iná á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, mọ́tò á máa fà tìkọ̀tìkọ̀. Ibẹ̀ ni mẹkáníìkì kan á ti dá ìmọ̀ràn: "Tuntun á ná yín lówó gọbọi. Ẹ jẹ́ kí n bá yín yọ ọ́ ní owó pọ́ọ́kú, kí n sì pa sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ lẹ́nu mọ́ nínú kọ̀ǹpútà." Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń dùn létí ẹni tí owó ilé ń dúró dè. Ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú tí fíltà náà ìbá mú kì í pòórá. Inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé ní ẹ̀gbẹ́ títì kan náà ló ń lọ, ó sì lè jẹ́ ọmọ wa.

Bí wọ́n ṣe ń wọn èéfín

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú mọ́tò bẹntiróòlù. Olùyẹ̀wò á rí i dájú pé ẹ́ńjìnì ti gbóná. Á ti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní rọ́bà gígùn nídìí bọ ẹnu páìpù èéfín, á tẹ ẹ́ńjìnì sókè títí yóò fi máa yí ní ìgbà 2,500 sí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, á sì dì í mú síbẹ̀ bí nọ́ńbà ti ń yí lójú ẹ̀rọ. Fún ọ̀pọ̀ mọ́tò tó kọ́kọ́ dójú títì láti July 2002, carbon monoxide kò gbọ́dọ̀ ju 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, epo tí kò jóná kò gbọ́dọ̀ ju 200 nínú mílíọ̀nù kan lọ, iye kan tí wọ́n ń pè ní lambda sì gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.97 àti 1.03. Lẹ́yìn náà á jẹ́ kí ẹ́ńjìnì balẹ̀, carbon monoxide kò sì gbọ́dọ̀ ju 0.3 lọ. Mọ́tò tó ti pẹ́ gan-an ní ìrọ̀rùn: èyí tó jáde láàárín August 1975 àti July 1986 láǹfààní dé 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó sì ṣáájú August 1975, ojú lásán ni wọ́n fi ń wo èéfín rẹ̀.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí lambda, nítorí ó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn ra kátálísì tí wọn kò nílò. Lambda ń sọ bóyá epo àti atẹ́gùn tó wọ ẹ́ńjìnì bára mu. 1 ni ó máa ń jẹ́ bí wọ́n bá bára mu pátápátá. Bí bébà àyẹ̀wò yín bá fi hàn pé carbon monoxide dára ṣùgbọ́n lambda ga ju 1.03 lọ, ẹ má tíì sáré ra kátálísì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ihò wà lára páìpù èéfín, tàbí pé ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ ń jò, tí atẹ́gùn òde fi ń wọ inú rẹ̀ tó sì ń da ìṣirò ẹ̀rọ rú. Páìpù tí wọ́n ti gé tí wọ́n tún jó pọ̀ láìdáa sì máa ń ní irú ihò bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bákan náà, mọ́tò tí ẹ gbé dé gáréèjì láàárọ̀ tí wọ́n wá fi sílẹ̀ lójú òtútù títí di ọ̀sán, kátálísì rẹ̀ á ti tutù. Ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó gbóná dáadáa kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Ti dísẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ pátápátá. Wọn kì í wọn gáàsì kankan níbẹ̀. Olùyẹ̀wò á tẹ ẹ́ńjìnì dé òpin lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á sì wọn bí èéfín náà ṣe ṣú tó, ìyẹn bó ṣe dí ìmọ́lẹ̀ tó. Mọ́tò tó ní turbo (ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnì) tó jáde ṣáájú July 2008 lè dé 3.0 lórí òṣùwọ̀n ìṣúdúdú yìí. Láti July 2008, ó di 1.5. Ti Euro 6, tó jáde láti ọdún 2014, di 0.7. (Euro ni ìpele òfin èéfín ilẹ̀ Yúróòpù: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó ni òfin náà ṣe le tó.) Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò bá sì lẹ nọ́ńbà tirẹ̀ mọ́ ọn lára, òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ní May 2018, ìjọba mú ọwọ́ le sí i. Mọ́tò tó bá ní DPF tí olùyẹ̀wò bá rí èéfín jáde lẹ́nu páìpù rẹ̀, ì báà jẹ́ dúdú, búlúù tàbí funfun, ó ti fìdí rẹmi. Iná check engine tó bá ń tàn náà ti di ìdí láti já mọ́tò sílẹ̀, bí mọ́tò bẹntiróòlù náà bá jáde láti July 2003 tàbí tí dísẹ́ẹ̀lì bá jáde láti July 2008.

Báwo wá ni mọ́tò tí kò ní DPF ṣe ń yege?

Láti February 2014 ni òfin ti ní kí olùyẹ̀wò wo abẹ́ mọ́tò bóyá DPF wà níbẹ̀. Bí kò bá sí lára mọ́tò tí ilé iṣẹ́ fi í sí, ó ti já nìyẹn. Àwọn tó ń yọ ọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọn kì í yọ agolo rẹ̀ kúrò. Wọ́n á gé agolo náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á kó fíltà inú rẹ̀ dànù, wọ́n á sì jó o padà. Bí mọ́tò bá wà lókè lórí ẹ̀rọ agbọ́kọ̀, ohun tí olùyẹ̀wò máa rí ni agolo tó wà ní ààyè rẹ̀. Bí ó bá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó dáadáa, ó lè rí ìlà ojú jíjó náà, tó rí gbágungbàgun tí kò jọ ojú iṣẹ́ ilé iṣẹ́. Ìlànà gbà á láàyè láti já irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àfi tí ẹni tó ni ín bá ní ẹ̀rí pé nítorí àtifọ fíltà ni wọ́n ṣe gé e. Ṣùgbọ́n bí pọtọpọ̀tọ̀ àti ìpẹtà bá ti bo ìlà náà, tàbí tí pátákó ìdáàbòbò bo ibẹ̀, kò lè tú u.

Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì tó ní ìlera, kódà láìní fíltà, lè má ṣú tó 1.5. Lẹ́búlẹ́bú tó kéré jù ló léwu jù, nítorí òun ló ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà, ojú kò sì lè rí i, ẹ̀rọ tó ń wo ìmọ́lẹ̀ náà kò sì rí i dáadáa. Èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Mọ́tò náà yege nítorí pé ohun tí wọ́n yọ kúrò lára rẹ̀ kọjá ohun tí àyẹ̀wò náà lè rí. Belgium, Netherlands àti Jámánì ti rí ìṣòro yìí. Láàárín July 2022 àti July 2023, orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tó ń ka iye lẹ́búlẹ́bú tó ń jáde lẹ́nu páìpù. Lójú tèmi, ó yẹ kí Ìlú Ọba náà tẹ̀ lé wọn, nítorí kì í ṣòro fún ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́búlẹ́bú láti dá mọ́tò tí kò ní fíltà mọ̀.

Bákan náà ni ti EGR (fáàfù tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnì) àti AdBlue (omi tí wọ́n ń fún sínú èéfín), tó ń dín NOx kù nínú mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì. MOT kì í wọn NOx rárá. Ẹni tó bá dí EGR rẹ̀ pa tàbí tó ní kí wọ́n pa AdBlue nínú sọ́fítíwíà lè yege lọ́dọọdún, síbẹ̀ òfin tí mo sọ lókè ń bá a wí lójoojúmọ́. A kò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Volkswagen ní September 2015, nígbà tí Amẹ́ríkà tú àṣírí pé sọ́fítíwíà inú mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì wọn máa ń mọ̀ bí wọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì dín èéfín kù fún ìgbà yẹn nìkan. Nǹkan bí mílíọ̀nù 11 mọ́tò lágbàáyé lọ̀rọ̀ náà kàn.

Àwọn àyípadà yòókù

Remap, ìyẹn kí wọ́n yí ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì padà kó lè lágbára sí i, kò lòdì sófin fúnra rẹ̀, tí èéfín bá ṣì wà níwọ̀n. Àmọ́ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹni tí kò bá sọ fún wọn lè dé ọjọ́ ìjàǹbá kó tó mọ̀ pé ìnṣọ́ránsì tó ń san kò dúró. Sàlẹ́ńsà tó ń dún rìrì náà ní òfin tirẹ̀: ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ yí i padà kí ariwo mọ́tò lè pọ̀ sí i.

Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, ọjọ́ orí mọ́tò ló ṣe pàtàkì. Bí mọ́tò bá jáde ṣáájú September 2002 tí ẹ́ńjìnì tí ẹ fi sí i sì dàgbà ju mọ́tò lọ, ìwọ̀n ti ẹ́ńjìnì ni wọn yóò fi wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa mú ẹ̀rí ọjọ́ orí ẹ́ńjìnì wá. Mọ́tò tó jáde lẹ́yìn ìgbà náà, ọjọ́ orí tirẹ̀ ni wọ́n ń lò, ẹ́ńjìnì yòówù kó wà nínú rẹ̀. Mọ́tò tó ti lé ní 40 ọdún lè bọ́ lọ́wọ́ MOT pátápátá, àfi bí wọ́n bá ti ṣe àyípadà ńlá sí i láàárín 30 ọdún tó kọjá, bíi kí wọ́n fi ẹ́ńjìnì tí iye sìlíńdà rẹ̀ yàtọ̀ sí i.

Ibì kan tún wà tí nǹkan ti máa ń dojú rú: ULEZ, ìyẹn àgbègbè London tí mọ́tò tí èéfín rẹ̀ kò dé ìwọ̀n ti ń san owó kó tó wọ̀ ọ́. Láti 29 August 2023 ni ULEZ ti bo gbogbo àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ London, £12.50 lóòjọ́ sì ni mọ́tò tí kò bá dé ìwọ̀n ń san. Bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ jẹ́ Euro 4, dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ jẹ́ Euro 6. Kámẹ́rà tó wà lórí òpó kì í gbóòórùn èéfín o. Nọ́ńbà mọ́tò ló ń kà, ó sì ń wo ohun tí ìwé rẹ̀ sọ. Nítorí náà, dísẹ́ẹ̀lì Euro 6 tí wọ́n ti kó fíltà inú rẹ̀ dànù lè máa rìn kiri láìsan kọ́bọ̀, nígbà tí Euro 5 tí olówó rẹ̀ ń tọ́jú bí ẹyin ń san £12.50. Kò túmọ̀ sí pé ti àkọ́kọ́ bófin mu. Ohun tí ULEZ ń béèrè ni irú mọ́tò tí wọ́n ṣe, MOT ń wo bó ṣe rí lónìí, òfin ojú títì sì ń béèrè bóyá ẹnì kan ti bà á jẹ́.

Kí ẹ tó rà á, àti kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sílé

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé. Ní October 2020, àjọ tó ń yẹ ìrìnnà wò ní Netherlands gbé ìròyìn jáde lórí mọ́tò àlòkù tí wọ́n ń kó lọ sí Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára ibi tí wọ́n ń kó lọ jù. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò dé Euro 4, àwọn kan sì wà tí wọ́n ti yọ kátálísì wọn. Ọdún yẹn kan náà ni ECOWAS fẹnu kò pé láti January 2021, mọ́tò kékeré tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ dé Euro 4. Ní Èkó, ibùdó àyẹ̀wò oníkọ̀ǹpútà ti LACVIS ń wọn èéfín báyìí. Síbẹ̀, àwọn tó ń ra kátálísì kiri láti gáréèjì dé gáréèjì ṣì pọ̀, mẹkáníìkì tó bá tú tiyín sì lè fi páìpù lásán dípò rẹ̀ láìsọ fún yín. Ẹ bi í, kí ẹ sì wo abẹ́ mọ́tò yín lẹ́yìn àtúnṣe gbogbo. Ẹ ò ní fi mọ́tò tó pé ránṣẹ́ láti èbúté Tilbury kó wá di agolo lásán ní ọjà Ladipo.

Bí ẹ bá fẹ́ ra dísẹ́ẹ̀lì níbí, ẹ lọ sí ojú ewé ìtàn MOT ti ìjọba, ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́tò náà sí i, ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo ibi tó ti já rí àti gbogbo ìkìlọ̀ tí olùyẹ̀wò kọ ló wà níbẹ̀. Mọ́tò tó ń já nítorí èéfín lọ́dún kan, tó wá yege lọ́jọ́ kejì láìsí rìsíìtì àtúnṣe, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, ẹ ti ìka bọ ẹnu páìpù èéfín. Mọ́tò tí DPF rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, inú páìpù rẹ̀ máa ń mọ́. Bí ìka yín bá jáde dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ ní kí ẹni tó mọ iṣẹ́ wo agolo náà kí ẹ tó sanwó.

Bí mọ́tò yín bá wá já tí ó sì dá yín lójú pé olùyẹ̀wò ṣàṣìṣe, ẹ má tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀. Ẹ kọ ìwé VT17, ìyẹn fọ́ọ̀mù àtakò, sí DVSA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó MOT, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 14, wọn yóò ṣètò àyẹ̀wò mìíràn. Ẹ máa kọ́kọ́ sanwó rẹ̀, wọ́n sì lè dá a padà bí ẹ bá jàre. Bí ẹ bá gbà pé ó já lóòótọ́, ẹ fi sílẹ̀ ní gáréèjì yẹn kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n á sì tún wo ibi tó ti já láìgba owó mìíràn, bó bá jẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé fífọ̀ ni wọ́n fọ DPF rẹ̀ lóòótọ́, tí wọ́n gé agolo tí wọ́n sì jó o padà, kó fi rìsíìtì iṣẹ́ náà sínú mọ́tò ní gbogbo ìgbà tó bá ń lọ ṣe MOT.